Ẹ́ńjìnnì fún kẹ̀kẹ́ arọ aláfọwọ́tì: bí a ṣe ń yan èyí tí ọ̀nà Ifẹ̀ yóò gbà

Èjìká tí a fi ń ti kẹ̀kẹ́ náà la fi ń gbé ara láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, òun la fi ń wọ mọ́tò, òun náà la fi ń gbé ìkòkò kaná. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, bí orúnkún bá ń dùn ún, ó lè jókòó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èjìká ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá á di ohun tí a ń bẹ ẹlòmíràn fún. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má dúró di ìgbà tí apá ò bá lọ sókè mọ́ kí wọ́n tó wá ohun tí yóò bá wọn ti kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe fàájì.

Aránṣọ ni mí, Ìrẹ̀mọ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nílé Ifẹ̀. Mo máa ń lọ ra òwú àti sípù ní Lágere, mo sì máa ń lọ wọn àwọn oníbàárà mi nínú ọgbà yunifásítì. Láàárín ibi wọ̀nyí, ọ̀dà wà, yanrìn wà, kọ́tà tí wọn kò dé lórí wà, ibi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ títí òkúta fi yọrí síta sì wà. Ohun tó ń gbé èèyàn kiri ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà lè di ẹrù lásán bí ẹ bá gbé e dé Òkè-Ìtasẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà, irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní, iná NẸPA àdúgbò yín àti ẹni tí yóò bá yín tún un ṣe ni kí ẹ fi yan ẹ́ńjìnnì. Àwòrán inú fóònù kò lè bá yín yàn án.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kẹ̀kẹ́ tí kò yí dáadáa kò ní í tìtorí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa. Bátìrì ni yóò kàn máa jẹ. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè kí táyà má kan ilẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yára dúró, tàbí tó ń dún gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, bíárìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Táyà kékeré méjì tó wà níwájú ló yẹ ká fojú sí jù. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, fọ́nrán òwú àti irun àtamọ́ tó ń já bọ́ níwájú onídìrí ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń wé mọ́ ìdí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ò ní í fura. Á wọ àárín táyà àti irin tó dì í mú, á wé, á tún wé, á le koránkorán, títí táyà yóò fi máa wọ́ nílẹ̀ dípò kó máa yí. Ẹni tó ń tì í yóò rò pé agbára òun ló ń dín kù. Mo máa ń ti ẹnu àlùmọ́gàjí kékeré bọ̀ ọ́, n óò gé òwú náà lójú kan ṣoṣo, n óò wá fi ẹ̀mú fà á, gbogbo rẹ̀ á sì jáde ní roboto. Ẹ nu irin náà, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ ra bóòtì rẹ̀, ẹ dì í padà. Ẹ máa wò ó lóòrèkóòrè.

Bí táyà ẹ̀yìn bá jẹ́ oníafẹ́fẹ́, ẹ wo ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ (PSI) tó lè gbà síbẹ̀. Ẹ fi han fọkanáísà kó tó ki ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, torí táyà ọkọ̀ ló mọ̀ jù; tíúùbù tiwa kéré, kíá ni afẹ́fẹ́ ń kún un kọjá bó ti yẹ.

Lẹ́yìn náà ni bí ẹ ṣe jókòó. Ẹ jókòó gbọnrangandan, kí ẹ sọ apá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí ìka àárín yín yẹ kó kan ààrin gbùngbùn táyà ńlá. Bí ẹ bá wá gbé ọwọ́ lé orí rímù lókè pátápátá, ìgúnpá yín yẹ kó tẹ̀ díẹ̀, láàárín 100 sí 120 dígírì. Bó bá ká ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti jókòó rẹlẹ̀ jù nìyẹn, èjìká ni yóò sì máa jìyà rẹ̀. Tìmùtìmù tó ga díẹ̀ lè tún un ṣe. Bí kẹ̀kẹ́ yín bá ní ihò mélòó kan tí a lè sún táyà ńlá sí, sísún un sí ihò kan síwájú máa ń jẹ́ kó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ á tún yá láti dà sẹ́yìn, pàápàá lórí òkè, nítorí náà kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn yín lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dán an wò.

Títì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ gbá rímù mú láti ẹ̀yìn, ẹ tì í gùn dé iwájú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ já wálẹ̀ sábẹ́ rímù, kó gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Títì kéékèèké lemọ́lemọ́ ló ń jẹ èjìká. Àwọn físíò ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ iṣẹ́ yìí, yunifásítì náà sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn físíò níṣẹ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n wo bí ẹ ṣe ń ti kẹ̀kẹ́. Ibi tó ń dùn yín nìkan kọ́ ni kí wọ́n wò.

Àwọn kan wà tí ibi tí a dé yìí yóò tó fún. Kí wọ́n jẹ́ kí owó wọn wà lápò.

Nínú táyà, lẹ́yìn, tàbí níwájú

Ibi mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ aláfọwọ́tì.

Àkọ́kọ́, inú táyà. Wọ́n á yọ táyà ńlá méjèèjì, wọ́n á fi òmíràn tó ní ẹ́ńjìnnì nídìí rọ́pò wọn. Ilé iṣẹ́ Alber ní Jámánì ló ṣe e-motion àti twion. Yamaha ti Japan náà ti ṣe tirẹ̀. Ohun kan wà lára rímù tó ń mọ bí ẹ ṣe tì í tó, tí á sì fi agbára tirẹ̀ kún un: ẹ ti díẹ̀, ó lọ púpọ̀. Ẹ ṣì lè gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé, bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ń bá yín fà á sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n táyà e-motion kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 8, méjì sì ni. Ẹni tí yóò máa gbé e sínú bùùtù mọ́tò gbọ́dọ̀ lápá. Kò sì lè wọ kẹ̀kẹ́ onírin dídán tí wọ́n sábà ń fi ta wá lọ́rẹ, torí bóòtì ni wọ́n fi de táyà tiyẹn pa, èyí sì nílò ibi ìdè tirẹ̀, irú èyí tí a ń tẹ bọ́tìnnì tí táyà á yọ. Alber kan náà ṣe E-fix, táyà oníẹ́ńjìnnì tí a ń fi ọ̀pá kékeré kan darí, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè ti rímù rárá.

Ìkejì, ẹ̀yìn. Táyà kékeré kan ṣoṣo tó ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n á fi kọ́ irin ìdí kẹ̀kẹ́, á wà láàárín táyà ńlá méjèèjì, á máa ti yín lọ. SmartDrive lẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù, kílò 6 àti díẹ̀ ni. Ẹ ó wọ ohun kan sọ́rùn ọwọ́ bí aago. Ẹ gbá rímù lẹ́ẹ̀mejì, ó gbéra. Ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sórí eré tó ń sá lọ́wọ́. Ẹ tún gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì kú. Alber ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SMOOV, tí a ń fi kọ́ńtírólà tí wọ́n dè mọ́ ara kẹ̀kẹ́ pàṣẹ fún.

Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, mi ò rí èyí tó dùn tó o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà yunifásítì, tó jẹ́ pé orí ọ̀dà ló ń rìn láti họ́ọ̀lù dé kíláàsì, èyí ni n óò ní kó wá. Fún wa nígboro, ó ku díẹ̀ káàtó. Ẹ̀yìn ló ti ń tì, táyà kékeré iwájú ṣì wà nílẹ̀ tó ń wá kòtò kiri. Bó bá kó sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń tì, iwájú lẹ ó dà sí. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé iwájú kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀, tó lè fi táyà ẹ̀yìn méjì rìn, ló lè lò ó níbi kòtò. SmartDrive ò sì ní bíréèkì: bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ yín lórí rímù ni bíréèkì. Lórí yanrìn, táyà rẹ̀ lè máa yí lójú kan. Táyà kan tún wà tí kò ní ẹ́ńjìnnì, FreeWheel lorúkọ rẹ̀, tí a ń dè mọ́ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kó lè gbé táyà kékeré méjèèjì kúrò nílẹ̀. Àwọn kan ń lo méjèèjì pọ̀. Bí owó bá wà, ìyẹn dára.

Ìkẹta, iwájú. Òun ni èmi ń lò, òun ni mo sì fẹ́ tẹnu mọ́.

Ẹ́ńjìnnì iwájú

Batec ti Spéìnì, Triride ti Ítálì àti Firefly ti Amẹ́ríkà ló lórúkọ jù. Ṣáínà náà ń ṣe oríṣiríṣi, tèmi wà lára wọn, Èkó ni àbúrò mi ọkùnrin ti bá mi gbé e. Táyà kan ni, ẹ́ńjìnnì wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ ìdarí bíi ti ọ̀kadà wà lókè, bátìrì sì wà lára ọ̀pá. Ẹ ó ti kẹ̀kẹ́ yín sún mọ́ ọn, ẹ ó fi ẹnu ìdè rẹ̀ gbá irin iwájú kẹ̀kẹ́ mú ní apá ọ̀tún àti òsì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, táyà kékeré méjèèjì yóò sì gbéra kúrò nílẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án fún Ifẹ̀ nìyẹn. Táyà tó ń kó sí kòtò ò sí nílẹ̀ mọ́, táyà ńlá ló ń dojú kọ òkúta. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó ní bíréèkì tirẹ̀. Èyí tí kò bá ní bíréèkì lọ́wọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ara kẹ̀kẹ́ yín ló máa sọ bóyá yóò gbà á. Kẹ̀kẹ́ tí kì í ká ló rọrùn jù fún un. Èyí tó ń ká, ẹ di irin iwájú rẹ̀ mú ní méjèèjì, kí ẹ fà á sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, ó nílò irin ìdábùú tí kò ní í jẹ́ kí apá méjèèjì súnmọ́ra. Bàbá wẹ́dà kan ní Sábó ló bá mi ṣe tèmi. Àbúrò mi ní kí wọ́n jó o mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kó lè le dáadáa, bàbá náà mi orí. Wọ́n ní, “Bí mo bá jó o, kẹ̀kẹ́ àǹtí yín ò ní í ká mọ́. Ṣé orí tákísí ni wọn ó máa gbé e lé ni? Bóòtì ni n óò fi dè é, kí wọ́n lè máa tú u.” Bóòtì mẹ́rin ni wọ́n fi dè é, wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ ìdè náà kó má baà jẹ irin. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ara kẹ̀kẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ álúmínì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná wẹ́dà lásán kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí i. Bí irin ìgbẹ́sẹ̀lé yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn láé: ó lè yọ lójú ọ̀nà.

Òkè ló ń dán irú ẹ́ńjìnnì yìí wò. Bí ẹ bá ń gun òkè tó ga, ìwúwo ara yín á fà sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, bí òjò bá sì ti rọ̀, á máa yí lórí ọ̀dà láìlọ. Ẹ tẹ àyà síwájú, ẹ gbé báàgì tó wà lẹ́yìn àga wá sórí itan, ẹ fi ọwọ́ kan ràn án lọ́wọ́ lórí rímù. Bí kò bá gbà, ẹ ké sí ẹni tó ń kọjá. Tààrà ni kí ẹ máa gùn ún lọ, ẹ má dábùú òkè, ẹ má sì yí padà láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń dà síwájú ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni pé bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó wà níwájú ilé ìfowópamọ́ tí mo ń lò ga débi pé ẹ́ńjìnnì mi ò lè gùn ún. Òfin tó ń dáàbò bo àwa aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Ẹ máa sọ ọ́ fún wọn, ẹ má jẹ́ kó sú yín, torí ẹ́ńjìnnì kankan nínú èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ní ti eré, àwọn kan nínú ẹ́ńjìnnì iwájú lè sá ju kìlómítà 20 lọ ní wákàtí kan. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ń yára ò ju 5 tàbí 6 lọ. Ẹ wá ibi tí a ti ń dín eré kù lára rẹ̀, ẹ dín in kù, pàápàá fún ọjà. Táyà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi eré yà bàrá, kẹ̀kẹ́ á dà. Ẹ de bẹ́líìtì. Ẹ fi okùn aṣọ tó fẹ̀ de ẹsẹ̀ mọ́ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára kò ní í mọ̀ bó bá ti já bọ́ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ju ti ọwọ́ lásán lọ: tìmùtìmù tó dára ni kí ẹ jókòó lé, kí ẹ sì máa fi dígí wo ìdí àti itan yín ní alaalẹ́, kí egbò má baà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Bátìrì àti iná

Nọ́ńbà méjì ló wà lára bátìrì, V (fóòtì) àti Ah (ámípíà-wákàtí). Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 36V lọ́nà 10Ah jẹ́ 360 Wh (wáàtì-wákàtí). Ìyẹn ni iye agbára tó wà nínú rẹ̀, òun sì ni kí ẹ fi wé ara wọn. Kìlómítà tí wọ́n kọ sára páálí, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n sábà ń fi wọ̀n ọ́n. Èmi máa ń fi ìdajì rẹ̀ ṣírò nílé Ifẹ̀. Ẹni tó ń wọ bààlúù, kó mọ̀ pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí a ń yọ lára irú ohun ìrìn báyìí kò gbọ́dọ̀ ju 300 Wh lọ, tàbí kó jẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju 160 lọ. Kó bá ilé iṣẹ́ bààlúù sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣájà bátìrì lítíọ́ọ̀mù 36V máa ń gbé 42V jáde. Òun nìkan ni kí ẹ lò. Ṣájà bátìrì olómi tàbí ti ọmọ aládùúgbò tó kàn wọ ojú ihò kò bá a mu. Bí ṣájà bá jẹ́ 2A, bátìrì 10Ah tó gbẹ yóò gbà tó wákàtí 5 sí 6. Iná tó ń jẹ kò ju nǹkan bí 100 wáàtì lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, ínfátà náà lè gbé e, a kì í ṣe ẹrú NẸPA lórí èyí. Nígbà tí NẸPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Sítẹbiláísà kò pọ̀ jù fún ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ló kún ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà mo ní ibi kan lórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tí a kì í gbé nǹkan sí. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń gba iná, ọ̀sán ni, a sì ń rí i. Ẹ má fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sùn nígbà tó bá ń gba iná lọ́wọ́, ẹ má sì fi sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà jáde. (Ṣọ́ọ̀bù mi ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.) Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì. Èyí tó bá wú, tó ń rùn, tó já lulẹ̀ gidi tàbí tí omi wọ̀, ẹ gbé e síta, ẹ má fi iná sí i mọ́.

Òjò wínníwínní ò pa tèmi lára, ṣùgbọ́n mi ò gba inú adágún omi kọjá rí. Mo fi ọ̀rá nipọn wé ibi tí wáyà ti so pọ̀, mo sì máa ń fi aṣọ tútù nu erùpẹ̀ pupa kúrò. Ẹ má bu omi lù ú.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lọ dán an wò lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, pẹ̀lú báàgì tí ẹ ń gbé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á kì í ṣe ọ̀nà yín. Ẹ dè é, ẹ tú u, láti orí àga yín, láìsí olùrànlọ́wọ́: ẹ́ńjìnnì tó ń gba èjìká sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé gbígbé rẹ̀ ló ń yẹ èjìká, kò ṣe wá láǹfààní. Bó bá jẹ́ Tòkunbọ̀, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé bátìrì tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò rọrùn láti rí rọ́pò níbí, nígbà tí àwọn tó ń tún bátìrì ṣe lè tún èyí tó jẹ́ 36V lásán tò. Ẹ béèrè tíúùbù àti páàdì bíréèkì ìpààrọ̀, kí ẹ gbà wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú sípánà tó wọ bóòtì rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà ní àárín ọ̀nà, ẹ má tú u, kí ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú. Bí táyà rẹ̀ bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ sì lè ti ara yín dé ibi tí èèyàn wà, ẹ kó owó sílẹ̀. Bó bá le pinpin, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.